Ṣé a lè kọ “kick the bucket” sínú ìwé ìbánikẹ́dùn?

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ní Kétu níbí, Faransé ni mo fi kàwé. Ìbátan wa kan ní Mẹ̀kọ kọ̀wé pé bàbá ìyàwó òun ti “kick the bucket”. Ohun tí mo rí lójú inú ni bàbá arúgbó tó gbá garawa nípàá létí kànga, tí omi dà nù, mo sì fèsì pé kí wọ́n fi àdí pa á lẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fóònù mi ṣe túmọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ kan ló sọ fún mi pé bàbá ti pa ipò dà, ṣùgbọ́n kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé ọ̀rọ̀ tí mo lè kọ sí àwọn ọmọ olóògbé ni, àbí ẹ̀fẹ̀ ni, bí ìgbà tí a bá ní ènìyàn gbẹ́kuru jẹ lọ́wọ́ ẹbọra?