Ebi ń pa ọmọ mi nílẹ̀ Faransé, ṣé kí n lọ mú un wálé ni?

Ìyá Ọlọ́mọge (Maryland)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi. Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí oorun ti dá lójú mi.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 16, ló wà nílẹ̀ Faransé. Ètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló bá lọ, ọdún kan gbáko ni yóò lò ní lycée (ilé ìwé girama àgbà) kan níbẹ̀. Ìlú kékeré kan nítòsí Rennes, ní Bretagne, ni wọ́n fi í sí, lọ́dọ̀ tọkọtaya kan tó ní ọmọkùnrin ọmọ ọdún 12. Ìparí oṣù kẹjọ ló débẹ̀ kó lè bá wọn wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ààbọ̀ rèé. Bàbá rẹ̀ ò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i o, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà. Tí nǹkan bá ṣe ọmọ yìí, ẹ ti mọ ẹni tí wọn yóò bi.

Ẹ wò ó, ebi ń pa á. Láàárọ̀, búrẹ́dì àti jáàmù, pẹ̀lú kòkó gbígbóná tí wọ́n ń dà sínú abọ́ (abọ́ o, kì í ṣe kọ́ọ̀bù). Lálẹ́, ó ń tó nǹkan bí aago mẹ́jọ kí wọ́n tó jókòó jẹun. Wọ́n á bu ìwọ̀n kékeré kan fún un. Tí àwo oúnjẹ bá tún yí padà, gbogbo wọn á tún bù, ó ní òun nìkan ni wọ́n máa ń fò. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, eegun ọrùn ti yọ síta. Ọmọ tí mo fi iyán àti ẹ̀fọ́ rírò tọ́ dàgbà!

Èkejì, bàbá ilé náà máa ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ọ̀tún kan, òsì kan, á sì fẹnu dún "mwá". Ìyàwó rẹ̀ náà ń ṣe é, ọmọ wọn ń ṣe é. Ara mi ò gbà á.

Ilé ìwé wá ńkọ́? Aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ń wọlé, ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló ń jáde. Ọmọ tó ń gba A níbí, wọ́n fún un ní 11 nínú 20 nínú ìtàn. Ó sunkún títí. Ó ní òun ń sùn ní kíláàsì, orí ń fọ́ òun, ó rẹ òun ṣáá. Ọlọ́run ló yọ mí tí mo ń pè é lójoojúmọ́. Bí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́ láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ báyìí, màá pè é, a ó jọ sọ̀rọ̀ bíi wákàtí kan kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Mo ti ń wo iye tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣé kí n lọ mú ọmọ mi ni, àbí kí n kọ́kọ́ kọ̀wé fi wọ́n sùn lọ́dọ̀ àwọn tó ṣètò náà?

Bàbá Ṣeun (London)

Kí lẹ tún ń bi wá sí? Ẹ lọ mú ọmọ yín. Ta ló ń jẹ búrẹ́dì lásán láàárọ̀ tó tún ń kàwé di aago mẹ́fà? Ọmọ ọdún 16, ọmọ ọwọ́ ni lójú tèmi.

Màmá Ìbejì (Lyon)

Bàbá Ṣeun, ẹ rọra. Ẹ̀gbọ́n mi ní Maryland, ẹ kú ìdààmú ọkàn. Ẹ bá mi bi ọmọ yẹn ní ìbéèrè kan ṣoṣo: tí wọ́n bá ní ṣé kí wọ́n bu oúnjẹ sí i fún un, kí ló máa ń fi dá wọn lóhùn?

Ìyá Ọlọ́mọge

Mo bi í. Ó ní "merci" ni òun ń sọ, òun á sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, kì í ṣe pé ó rí wọn fín.

Màmá Ìbejì

Yéè! Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi, ẹ forí jì mí. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yín fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún wọn pé òun ò jẹ.

Bí Faransé bá gbé oúnjẹ lọ̀ ọ́, tó o dáhùn pé "merci" lásán, "rárá, ẹ ṣé" ni wọ́n gbọ́ yẹn. Tó o bá fẹ́ ẹ, "oui, je veux bien" ni wàá sọ, tàbí "volontiers", tàbí "avec plaisir". Ó ṣe èmi náà. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, wọ́n gbé ẹran àgùntàn tó ń ta sánsán síwájú mi nílé ọ̀gá ọkọ mi, mo ní "merci", àwo bá kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ojú ni mo fi sìn ín lọ.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ju ti èdè lọ. Báwo la ṣe kọ́ àwọn ọmọ wa? Tí wọ́n bá dé ilé onílé, tí wọ́n ní wá jẹun, kí ọmọ sọ pé òun ti yó. Onílé á ní rárá o, o ò lè wá sílé mi kó o má fẹnu kan nǹkan. Ọmọ á tún kọ̀. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kó tó jókòó. Àwọn ará ibí kì í bẹ ènìyàn dé ẹ̀ẹ̀kẹta. Lójú tiwọn, tó o bá ti ní rárá, kí àwọn tún máa fi oúnjẹ lọ̀ ọ́, ìwà àìmọ̀wàáhù ni. Ọmọ yín ń retí ẹ̀bẹ̀, àwọn ń bọ̀wọ̀ fún "rárá" rẹ̀, ebi ń pa ọmọ lọ.

Búrẹ́dì orí tábìlì, ti gbogbo ènìyàn ni. Kó mú un, kó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀, kó fi nu ọbẹ̀. Wàràkàṣì tàbí yọ́gọ́ọ̀tì ṣì máa ń bọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ gan-an, nǹkan dídùn á tún tẹ̀ lé e, nítorí náà kó má tètè dìde. Nǹkan mìíràn ni "goûter". Bí aago mẹ́rin ààbọ̀ tí àwọn ọmọdé bá ti ilé ìwé dé, wọ́n á jẹ búrẹ́dì àti ṣokoléètì, tàbí bísíkíìtì. Ọmọ ọdún 12 yẹn ti jẹ tirẹ̀ tán kí tiyín tó wọlé láago mẹ́fà kọjá! Kó béèrè lọ́wọ́ ìyá ilé lójúkojú pé kí ni òun lè mú ní kíṣìnnì tí ebi bá ń pa òun. Àmọ́ kó má lọ ṣí fíríìjì kó tó béèrè o.

Ọmọ Alákétu (Paris)

Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọmọ Kétu ni mí, ní Benin, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níwèé láti kékeré. Ẹ jẹ́ kí n gba ti 11 yẹn sọ. Lórí 20 ni wọ́n ti ń fún wa ní máàkì ní Benin náà. Ẹni tó bá ní 10 ti yege. Nínú bac, ìdánwò àṣejáde ilé ìwé girama, 12 ni "assez bien" (ó dára díẹ̀), 14 ni "bien" (ó dára), 16 ni "très bien" (ó dára gan-an). Àwọn olùkọ́ wa máa ń ṣàwàdà pé ti Ọlọ́run ni 20, ti olùkọ́ ni 19. Ọmọ tó fi èdè tí kì í ṣe tirẹ̀ kọ ìtàn, ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tó gba 11, ṣé ẹni tí wọ́n ń bá sunkún nìyẹn? Ẹ má ṣírò rẹ̀ sí ti Amẹ́ríkà, ẹ ó kàn ba ara yín nínú jẹ́ lásán ni.

Mo fẹ́ béèrè: kí ló ń pe ìyá ilé yẹn?

Ìyá Ọlọ́mọge

Háà, ẹ ti fọwọ́ bà á. Obìnrin náà ní kó pe òun ní orúkọ, kó máa sọ "tu" fún òun. Ọmọ mi ní ẹnu òun ò gbà á. Níbẹ̀rẹ̀, "Madame" ló ń pè é, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Ní báyìí kò pe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́. Tó bá fẹ́ bá obìnrin náà sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń lọ dúró sí ní kíṣìnnì títí yóò fi yíjú padà.

Ọmọ Alákétu

Obìnrin yẹn á ti máa ta gìrì! Ẹ sọ fún un pé "vous" ni "ẹ" tiwa, "tu" ni "o". Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ orí ló ń pàṣẹ; lọ́dọ̀ tiwọn, bí ẹ ṣe sún mọ́ra tó ni wọ́n ń wò. Tí àgbà inú ilé bá ti ní kó o máa sọ "tu" fún òun, tó o ṣì ń fi "vous" lé e, ó dà bí ìgbà tó o ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Ṣùgbọ́n kó má dán an wò pẹ̀lú olùkọ́, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tàbí ìyá oníbúrẹ́dì: "vous" ni ti àwọn yẹn. Kó sì máa sọ "bonjour" kó tó béèrè ohunkóhun níbikíbi. Ìyẹn ò ní ṣòro fún un, ọmọ Yorùbá ni. Ta ló ń wọlé ẹni tó ń béèrè iyọ̀ láìkí onílé?

Àlàájà (Montreuil)

Láti òkè ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn, "la bise" ni wọ́n ń pè é. Ìkíni ni. Tí gbogbo ilé bá ń ṣe é, lójú gbogbo ènìyàn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Tí kò bá wù ú, kó tètè na ọwọ́ sí wọn kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú, kó rẹ́rìn-ín sí i, kó ní "je préfère serrer la main".

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òkodoro fún yín bí ìyá sí ìyá. Ẹ sọ fún ọmọ yẹn pé ìkíni ò kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọn kì í wá a wọ yàrá ẹni, wọn kì í ṣe é ní kọ̀rọ̀. Bí ohunkóhun bá ti yàtọ̀ sí èyí, kó sọ fún yín lójú ẹsẹ̀, kó sọ fún ẹni tó ń mójú tó wọn nínú ètò náà, kó sọ fún nọ́ọ̀sì ilé ìwé. Ní Faransé, 119 ni nọ́ńbà tí ọmọdé tó wà nínú ewu lè pè, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán-tòru ni. Kó fi í sórí fóònù. Mi ò sọ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ o, gbogbo ọmọ tó ń gbé nílé onílé ni mo máa ń sọ ọ́ fún.

Ẹ̀yin mùsùlùmí tẹ́ ẹ bá ń gbèrò irú ìrìn yìí fún ọmọ yín: ẹnu géètì ni àwọn ọmọ tèmi ti ń ṣí ìborùn, nítorí òfin ọdún 2004 tó de àmì ẹ̀sìn tó hàn gbangba nílé ìwé ìjọba. Ẹ bá ọmọ sọ ọ́ kó tó gbéra.

Onídìrí (Houston)

Irun rẹ̀ ńkọ́? Ta ni yóò máa bá a dì í?

Àlàájà

Tí wọ́n bá mú un wá sí Paris nígbà ìsinmi, kó lọ sí Château d'Eau, àwọn onídìrí ni yóò máa fà á lọ́wọ́ láti ẹnu ọ̀nà rélùwéè. Láti Rennes dé ibùdókọ̀ Montparnasse ní Paris, bíi wákàtí kan ààbọ̀ ni TGV, ọkọ̀ ojú irin ayára wọn, ń gbà. Kó tó dìgbà yẹn, kó dì í ní méjì sẹ́yìn, kó fi bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbúrò Yín (Atlanta)

Mọ̀mí, mo kúnlẹ̀ o, ẹ má bínú sí mi. Èmi náà ṣe irú ètò yìí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 17, Toulouse ni mo wà. Ẹ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lẹ máa ń pè é. Wákàtí mẹ́fà ni Faransé fi ṣíwájú Maryland. Aago méjìlá òru ni yẹn lọ́dọ̀ rẹ̀! Ẹ ó bá a sọ̀rọ̀ di aago kan, á sì jí ní ìdájí lọ wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kó sùn, mà.

Orí fífọ́ yẹn, ó ṣe èmi náà. Tí ènìyàn bá ń fetí sí èdè àjèjì láti àárọ̀ dalẹ́, ọpọlọ á gbóná bí ẹ́ńjìnnì mọ́tò tí omi ti gbẹ nínú rẹ̀. Mo máa ń sá lọ ti ara mi mọ́ ilé ìyàgbẹ́ ilé ìwé kí n kàn lè gbádùn ìdákẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ méje kí ẹnìkan tó dá àpárá kan ní kíláàsì, mo ti rẹ́rìn-ín tán kí n tó rántí pé Faransé ni wọ́n fi sọ ọ́. Ṣáájú ìgbà yẹn, mọ́mì mi náà ń pè mí lójoojúmọ́. Bí mo bá ti gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni mo tún padà sí. Ìgbà tí wọ́n dín in kù ni mo tó ráyè jókòó ti àwọn onílé mi.

Ọjọ́rú ni kẹ́ ẹ máa pè é. Ọ̀pọ̀ lycée kì í ní kíláàsì lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Tó bá lu aago méjì ọ̀sán lọ́dọ̀ rẹ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni lọ́dọ̀ yín. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra ní ìparí oṣù kẹwàá. Faransé á dá aago padà ní Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù náà, Amẹ́ríkà á ṣe tirẹ̀ ní Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá, wákàtí márùn-ún péré ni yóò wà láàárín yín fún ọ̀sẹ̀ kan yẹn. Àsìkò yẹn náà ni ìsinmi Toussaint wọn máa ń bọ́ sí, ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ jẹ́ kó sùn nínú rẹ̀.

Bàbá Ṣeun

Aago méjìlá òru kẹ̀! Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Ìyá Ọlọ́mọge

Ojú tì mí. Aago ara ògiri tèmi ni mo ń wò ní gbogbo ìgbà yẹn. Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀ ná.

Ìyá Ọlọ́mọge (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá)

Ẹ̀yin ará, mo ti padà dé o. Lálẹ́ Sátidé, wọ́n ṣe galette, ó fẹ́lẹ́ bí ìwé, ẹyin àti wàràkàṣì wà nínú rẹ̀. Ìyá ilé bi í bóyá á jẹ òmíràn. Ọmọ mi ní "oui, je veux bien". Ó ní obìnrin náà gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ń wo òun, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Àṣé láti ọjọ́ tí ọmọ ti dé ló ti rò pé kò fẹ́ràn oúnjẹ òun! Ó ti yọ àlùbọ́sà kúrò nínú ọbẹ̀, ó ti yọ olú, ó tiẹ̀ ti bi àwọn tó ṣètò léèrè bóyá oúnjẹ kan wà tó jẹ́ èèwọ̀ fún wa. Obìnrin tí mo fẹ́ kọ̀wé fi sùn nìyẹn o. Galette mẹ́rin lọmọ mi jẹ.

Ti orúkọ, kò tíì lè pè é ketekete, wúyẹ́wúyẹ́ ló ń pè é. Àmọ́ kò dúró sẹ́yìn ènìyàn mọ́. Ó na ọwọ́ sí bàbá ilé láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá bọ̀ ọ́, láti ọjọ́ náà ọwọ́ ni wọ́n ń bọ̀.

Lánàá, Ọjọ́rú, mo pè é láago mẹ́jọ géérégé, kò gbé e. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé òun àti àwọn ọmọ kíláàsì òun ti wọ Rennes lọ, òun á pè mí lọ́jọ́ Àìkú. Mo jókòó ti fóònù yẹn fún ìgbà díẹ̀ kí n tó dìde lọ síbi iṣẹ́.

Ìyá ilé fẹ́ se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ní kí n kọ bí wọ́n ṣe ń sè é ránṣẹ́ sí òun. Kí ni kí n sọ fún un nípa ata?

Màmá Ìbejì

Ata rodo kan ṣoṣo, kó wà lódindi, kó má là á, kó yọ ọ́ kí ìrẹsì tó jinná tán. Tó bá bi yín bóyá òun lè da crème fraîche (ọ̀rá wàrà tó kan díẹ̀) sí i, ẹ dá a lóhùn pé "merci".