Àwo orin Bàbá wa: ṣé ká tà á ni, àbí ká tọ́jú ẹ̀?

Àbúrò Manchester:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Bàbá wa papòdà lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn, a sì gbọ́dọ̀ dá ilé wọn padà fún káńsù kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Ohun tí ò jẹ́ n sùn ni àwo orin wọn. Mo kà á, ó jẹ́ 380. Jùjú ló pọ̀ jù, àpàlà àti sákárà tẹ̀ lé e, wákà àti háíláìfù díẹ̀. Ẹnì kan tó ń ra àwo àlòkù wá wò ó, kò lò tó ogún ìṣẹ́jú, ó ní òun á san £250 fún gbogbo ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká gbà á. Ọkàn mi ò gbé e, ṣùgbọ́n yàrá méjì ni mò ń gbé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Ìyá wa wà ní Ṣàgámù, mi ò tíì sọ fún wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ọgbọ́n wo lẹ dá sí i?

Bàbá Peckham:
O kú àsẹ̀yìndè Bàbá, àbúrò mi. Ẹ̀yìn wọn á dáa.

Má tíì gba owó yẹn. Ẹni tó fi ogún ìṣẹ́jú wo àwo 380, àwo mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló rí tí ojú ẹ̀ fi là, àwọn yẹn ló sì fẹ́ sanwó fún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún èmi náà nígbà tí mo ta ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní 2011. Mo ka owó sápò, inú mi dùn. Kò tó oṣù kan tí mo rí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lórí Discogs, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta àwo orin, iye tí wọ́n fi lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ohun tí wọ́n fún mi. Ṣùgbọ́n owó yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Màá débẹ̀.

Èyí tí Bàbá fẹ́ràn jù nínú àwo wọn ni abẹ́rẹ́ ti jẹ lójú jù, kò lè pa owó gidi. Èyí tí wọ́n rà tí wọn ò gbọ́ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ ló mọ́ tónítóní, òun ni àwọn tó ń kó àwo jọ ń wá. Àwo tí King Sunny Adé ṣe fún ilé iṣẹ́ àwo Island ní 1982, kò wọ́n níbí torí ìlú òyìnbó gan-an ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀. Àmọ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1970, tí gìtá àti fọ́ńkì wọ inú ẹ̀, lábẹ́ ilé iṣẹ́ àwo bí Afrodisia ti Decca, EMI Nigeria tàbí Tabansi, wọ́n ń wá a lójú méjèèjì. Àwo Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu wà lára wọn. Àpàlà àti sákárà kì í fi bẹ́ẹ̀ pa owó, òyìnbó tó mọ̀ ọ́n ò pọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló ṣòro láti tún rí tó bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni.

Bó o ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Fa àwo yọ, dì í mú ní etí, má fi ìka kàn án lójú. Gbé e sábẹ́ iná kó o máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìlà tí èékánná ò kọ́, kò ṣe nǹkan púpọ̀. Èyí tí èékánná bá kọ́, orin á máa fò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wo ibi tó ń dán láàárín orin tó kẹ́yìn àti bébà àárín àwo: wọ́n fín nọ́ńbà kan síbẹ̀, ó máa ń kéré, ìgbà míì ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́. Nọ́ńbà yẹn ni kó o tẹ̀ sórí Discogs. Orúkọ olórin nìkan ò tó, torí àwo kan náà lè jẹ́ ti Èkó, ti Lọ́ńdọ̀nù, tàbí àtúntẹ̀ àná yìí, owó wọn ò sì jọra. Má wo iye tí àwọn èèyàn ń pè é. Wo iye tí wọ́n ti tà á gan-an, wọ́n ń kọ èyí tó kéré jù, èyí tó wà láàárín àti èyí tó ga jù síbẹ̀.

Wàyí o, kó o tó ta ẹyọ kan, gbọ́ ọ. Ojú méjèèjì. O mọ bí jùjú ṣe rí, orin kan lè gba ojú àwo kan tán, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, olórin á máa ki èèyàn kiri: oníṣòwò, ọmọ ẹgbẹ́, ìyá ọlọ́jà, orúkọ ilé, orúkọ àdúgbò. Lára àwo tí mo tà, ọ̀kan wà tí wọ́n ti ki ẹgbẹ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà ní Ìbàdàn, wọ́n pe orúkọ wọn pẹ̀lú oríkì. Mi ò mọ̀. Ọmọ wọn obìnrin ló bi mí lẹ́yìn ọdún mẹ́ta: "Bọ̀dá, àwo tí wọ́n ti ki Dádì ń kọ́?" Mi ò rí èsì fọ̀. Mo ṣì ń wá a dòní. Mi ò mọ orúkọ ẹ̀, páálí ẹ̀ nìkan ni mo rántí: aláwọ̀ ewé, etí ẹ̀ kan ti ya, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́.

Ìyá Ìbejì Houston:
Ẹ̀gbọ́n, omijé bọ́ lójú mi. Èmi ò ta tèmi, ọwọ́ ara mi ni mo fi bà á jẹ́. Ọjọ́ tá à ń kó lọ sílé tuntun, mo kó àpótí méjì sẹ́yìn mọ́tò, ó wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ nínú oṣù kẹjọ. Ẹni tó bá mọ oòrùn Houston á mọ ohun tí mò ń wí. Nígbà tí mo fa àkọ́kọ́ yọ, ó ti rọ bí ewé tí wọ́n yí lórí iná, etí ẹ̀ ń lọ sókè sódò, abẹ́rẹ́ ò lè dúró lórí ẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ìnàró ni kẹ́ ẹ tò wọ́n, bí ìwé, kẹ́ ẹ má tò wọ́n léra. Kó jìnnà sí rédíétọ̀ àti fèrèsé. Ẹ wò ó bóyá àwọn àwo àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní 78 wà níbẹ̀, àwọn tó wúwo tó ń fọ́ bí àwo oúnjẹ. Ẹ má fi sípírítì nù wọ́n, á yọ́ ojú wọn, ẹ má sì fi abẹ́rẹ́ LP, ìyẹn àwo ńlá tó wọ́pọ̀, kọ wọ́n, tiwọn tóbi jù ú lọ.

Àwo kan pẹ̀lú páálí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́rin kílò, 380 yẹn á tó 90 kílò. Tẹ́ ẹ bá ń fi ọ̀kan ránṣẹ́, ẹ yọ àwo kúrò nínú páálí, ẹ tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láàárín páálí líle méjì. Tó bá wà nínú ẹ̀, etí àwo á la páálí lójú ọ̀nà. Àwa tá a wà ní Amẹ́ríkà, Media Mail ti ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba ni ká fi ránṣẹ́, wọ́n gba àwo orin, kò wọ́n.

Àbúrò Manchester:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnì kan ní tí mo bá tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, HMRC, àwọn agbowó orí ìjọba níbí, á wá mi wá. Ṣé òótọ́ ni?

Bàbá Peckham:
Láti 2024, ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ fi orúkọ ẹ ránṣẹ́ sí wọn tó o bá ta nǹkan 30 lọ́dún, tàbí tí owó tó wọlé bá ju nǹkan bí £1,700 lọ. Pé wọ́n fi orúkọ ránṣẹ́ ò túmọ̀ sí pé o jẹ owó orí. Ẹni tó ń ra ọjà láti tún un tà ni wọ́n ń wò, ẹni tó ń ta ẹrù ilé kì í sábà san án. Ṣáà máa kọ gbogbo ohun tó o tà sílẹ̀.

Nǹkan míì: ẹrù olóògbé ni. Kí gbogbo ọmọ mọ̀ sí i kẹ́ ẹ tó tà á, kó o sì pe Màmá lónìí.

Ọmọ Mushin, Toronto:
Àwo tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà àmọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ràn ohùn ẹ̀, ẹ gbà á sórí kọ̀ǹpútà kó tó lọ. Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, ò gba owó. Irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní WAV ni kẹ́ ẹ fi pa á mọ́, kì í ṣe MP3. Kó dúró sáàárín ẹbí o, ẹ má gbé e sórí YouTube, olórin ló ni orin.

Àbúrò Manchester:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo pe Màmá. Nígbà tí mo débi àwo, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní: "Ta ló sọ fún yín pé ti Bàbá yín ni gbogbo ẹ̀?" Wọ́n ní kí n wo bébà àárín àwo, kí n wá kùtẹ́ẹ̀sì pupa. Òótọ́ ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò àárín, ẹ̀kán kùtẹ́ẹ̀sì kan báyìí, kò tó ẹyọ ẹ̀wà, ó ti ṣú, ó ti fọ́ wẹ́wẹ́. 62 ni mo rí. Owó àjọ ni Màmá fi rà wọ́n kí wọ́n tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fi kùtẹ́ẹ̀sì sàmì sí i kí Bàbá má bàa kó o lọ sóde àríyá.

Wákà méjì péré ni wọ́n ní kí n mú bọ̀ tí mo bá ń bọ̀ nílé ní Kérésì. Wọ́n ní ká ta ìyókù tiwọn, ká fowó ránṣẹ́, òrùlé ilé ìdáná ń jò. Ẹ̀gbọ́n mi ò dárúkọ £250 mọ́, tọ́ọ̀ṣì fóònù ló fi ń ka nọ́ńbà lálaalẹ́, èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Sísítà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì yá wa ní ẹ̀rọ, a ti gbọ́ 74. A ti ya 19 sọ́tọ̀ tí ò ní kúrò nílé.

Bàbá Peckham, páálí aláwọ̀ ewé mẹ́fà ló wà nínú ti Bàbá wa. Mo ti ya fọ́tò gbogbo wọn, iwájú àti ẹ̀yìn, mo ti fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ bá mi wò ó, tó bá wà níbẹ̀, ẹ ní kí n mọ̀.