Tú-sítíróòkù: ṣé ìlù méjì ni, àbí àlọ àti àbọ̀?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìtàn Greeves, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe alùpùpù ní Thundersley ní Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ọjọ́sí, béèrè lánàá pé kí ni ká máa pe “two-stroke”, ìyẹn irú ẹ́ńjìnnì kan, ní Yorùbá. Wọ́n ní àwọn kọ́kọ́ fi í sínú ẹ̀rọ ìtumọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì gbé “rọpárọsẹ̀ méjì” jáde. Wọ́n jù ú nù, wọ́n wá dá “ẹ̀rọ onílù-méjì” sílẹ̀, wọ́n ní “lù” ṣáà ti wà nínú alùpùpù tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn.

“Lù” tó wà nínú alùpùpù, ohùn ni. Etí ló sọ ọkọ̀ yẹn lórúkọ: ó ń lu pùpùpù. Ṣùgbọ́n písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, kì í lu nǹkan kan. Bó bá ṣèèṣì lu nǹkan, ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá sì gbọ́ “onílù”, dùndún ni yóò wá sí i lọ́kàn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ jókòó ti mẹkáníìkì tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ládùúgbò wa. Ó ti tú orí ẹ́ńjìnnì kékeré kan, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí “I better pass my neighbour”, tí à ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ nínú ike ká tó rọ ọ́ sínú táǹkì. Ó ní kí n fi àtàǹpàkò ti písítìn náà wálẹ̀. Bó ti ń sọ̀kalẹ̀, ihò kan yọjú lára ògiri sílíńdà tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀, èédú ọ́ìlì ti mú un dúdú kirikiri. Ibẹ̀ ni èéfín ń gbà jáde. Mo tì í sí i, ihò mìíràn yọjú, èyí mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ibẹ̀ ni epo tuntun ń gbà gòkè láti ìsàlẹ̀. Ó fa okùn díẹ̀, písítìn gòkè padà, ó sì dí ihò gbogbo. Ó ní, “Ó lọ, ó bọ̀, iná ti mú lẹ́ẹ̀kan.” Fọ́ọ̀-sítíróòkù, irú ẹ́ńjìnnì kejì, ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ kó bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí iná tó mú lẹ́ẹ̀kan.

Ẹnu ọkùnrin yẹn ni mo ti gba ìdáhùn mi: “ẹ̀rọ àlọ-àbọ̀ kan”. Èkejì á wá jẹ́ “ẹ̀rọ àlọ-àbọ̀ méjì”. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé èjì ni Gẹ̀ẹ́sì kà, kí ló dé tí tiwa fi di ẹyọ kan. Gẹ̀ẹ́sì ń ka ìrìn kọ̀ọ̀kan. Àwa tí à ń sọ pé “owó àlọ àti àbọ̀” lójoojúmọ́ ti mọ̀ pé ìrìn méjì ló wà níbẹ̀. Kí n sọ òótọ́, àwọn ará Jámánì ń pè é ní Zweitakt, orin ni wọ́n sì ti mú Takt wá, èyí tó sún mọ́ ìlù ẹ̀gbọ́n wa. Faransé ní “deux temps”, ìyẹn ìgbà méjì. Kálukú ló wo ara ẹ̀rọ náà kó tó sọ ọ́ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ náà ló sì yẹ kí àwa ṣe.

“Lightweight” tó tún wà nínú ìtàn náà ńkọ́? “Alùpùpù tó fúyẹ́” dára tó bá jẹ́ ìwọ̀n ni à ń sọ. Ẹ̀rọ àlọ-àbọ̀ kan kò ní fáàfù, ìyẹn ọmọrí ihò tó ń ṣí tó ń tì, bíi ti èkejì, torí náà ó máa ń fúyẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ nínú ìdíje alùpùpù TT ti Erékùṣù Man nígbà náà, “Lightweight” ni wọ́n ń pe ẹ́ńjìnnì 250cc, “Junior” ni 350cc, “Senior” ni 500cc. Nígbà tí Dave Bickers fi Greeves gba ipò kìíní ilẹ̀ Yúróòpù nínú eré ìje inú ẹrẹ̀ ní 1960 àti 1961, ẹgbẹ́ 250cc ló ti gbà á. Níbi tí ìwé bá ti ń sọ̀rọ̀ ìdíje, ẹ kọ “ẹgbẹ́ ẹ́ńjìnnì kékeré”.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù ni èyí tí àbúrò wa kan dá fún “maker”: “arọ-alùpùpù”. Ó ní alágbẹ̀dẹ ń rọ irin, inú “rọ” náà sì ni “ẹ̀rọ” ti wá. Àlàyé rẹ̀ mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n lákọ̀ọ́kọ́, ohun tí a fi mọ Greeves jù, ìyẹn òpó alumíníọ́mù iwájú tó di egungun ọkọ̀ náà mú, dídà ni wọ́n dà á, bí àwọn ará Ifẹ̀ ṣe ń da idẹ. Wọn kò rọ ọ́. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ Villiers ní Wolverhampton ni wọ́n ti ń ra ọ̀pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì wọn, kí Challenger, alùpùpù wọn kan, tó dé fún sáà 1964 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tiwọn. Síbẹ̀ “olùṣe” ni màá pè wọ́n. Káfíńtà tó ra ìṣó lọ́jà, òun náà ló ṣáà kan ilẹ̀kùn.

Ìdí kejì ló wúwo jù. Bert Greeves ní ìbátan kan, Derry Preston-Cobb, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Greeves gbé ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko sára kẹ̀kẹ́ tí Preston-Cobb ń jókòó sí. Ibẹ̀ ni Invacar ti bẹ̀rẹ̀, ilé-iṣẹ́ táwọn méjèèjì jọ dá sílẹ̀ láti máa ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún àwọn tí kò lè rìn. Alùpùpù Greeves tó jáde ní 1953, ọmọ ilé yẹn ni. Ẹ wá wo ojú ìwé tí “arọ-alùpùpù” bá wà lórí rẹ̀ nínú irú ìtàn báyìí. Kò sí àmì ohùn tó lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára arọ tí gbogbo ayé mọ̀. Àbúrò mi obìnrin ń lo kẹ̀kẹ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá alátà kan pariwo pé “ẹ yàgò fún kẹ̀kẹ́ arọ”, mo sì rí i bí àbúrò mi ṣe tẹjú mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ títí a fi délé. Ìyá yẹn kò ní i ní ibi lọ́kàn o.

Nítorí náà, “ọkọ̀ aláìlera” tí ẹ̀gbọ́n kọ fún “invalid carriage”, mo bẹ̀bẹ̀ kí a yọ ọ́. Ara Preston-Cobb le débi tó fi jọ darí ilé-iṣẹ́ tí alùpùpù rẹ̀ gba ife Yúróòpù. “Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún àwọn akanda” ni mo fẹ́, bó tilẹ̀ gùn.

Ó ku fọ́ọ̀kì iwájú alùpùpù Greeves, èyí tí apá kúkúrú méjì ń di táyà mú, tó sì jẹ́ pé róbà tó ń lọ́ ló ń gba gbígbọ̀n ọ̀nà dípò sípíríǹgì. Mo ti gbìyànjú “apá alárọ́bà”, kò dùn létí mi. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un wá kí ẹ̀gbọ́n tó parí iṣẹ́.