Ṣé àṣìṣe ni "Ọ̀kun" nínú ìwé ọmọ mi?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀kun o. Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, la ń gbé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 12, kọ lẹ́tà sí ìyá mi nínú iṣẹ́ Yorùbá, ó fi "Ọ̀kun o", ìkíni tiwa, bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ fi gègé pupa fa ìlà sí i: "Èyí kì í ṣe Yorùbá." Láti ọjọ́ náà, bí ìyá mi bá fi Owé, ẹ̀ka-èdè wa ní Kàbà, kí i, ọmọ náà á kàn sorí kọ́ ni.

Mo mọ̀ pé Yorùbá àjùmọ̀lò ni ìdánwò ń béèrè, mo sì fẹ́ kó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka-èdè Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù nínú àjùmọ̀lò yẹn, láti ayé Àjàyí Crowther. Ẹ̀ka-èdè ni Owé náà, bíi Yàgbà, Ìjùmú àti Bùnú. Ìkíni yìí gan-an ni wọ́n fi ń pe gbogbo wa ní Ọ̀kun! Báwo ló ṣe wá di àṣìṣe?

Mi ò fẹ́ bá olùkọ́ jà, ó ń ṣiṣẹ́ kára. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè bá a sọ ọ́ tí kò fi ní rò pé mo ń tàbùkù òun? Kí ni kí n sì sọ fún ọmọ náà, kó lè tún máa bá ìyá mi sọ Owé láìtijú?