Ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn ilé Ifẹ̀ jọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Jámánì?

Àjọkẹ́_Ifẹ̀: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jiyàn lánàá. Ó ní Arieh Sharon, ẹni tó ya àwòrán àwọn ilé Yunifásítì Ifẹ̀, Bauhaus, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní ìlú Dessau ní Jámánì, ló ti kọ́ṣẹ́, àti pé ilé yẹn gan-an ni Ifẹ̀ jọ. Mo wo fọ́tò rẹ̀: gíláàsì láti òkè délẹ̀! Ọdún mẹ́rin ni mo fi jókòó ní Humanities, n ò rí gíláàsì bẹ́ẹ̀. Níbo ni wọ́n ti jọra?

Onígíláàsì_Leipzig: Ẹ̀gbọ́n yín gba ìdajì. Iṣẹ́ fèrèsé ni mo ń ṣe níbí, ìdí ògiri yẹn nìkan ni mo fi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Dessau lóṣù Keje tó kọjá. Walter Gropius ló ya àwòrán ilé náà, oṣù Kejìlá 1926 ni wọ́n ṣí i. Ẹ má wá ojú ilé o, kò ní. Àfi kí ẹ yí i ká kí ẹ tó rí i tán. Wọ́kíṣọ́ọ̀bù wà lápá kan, ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti ìlú wà lápá kejì, afárá alájà méjì ló so wọ́n pọ̀, títì sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Yàrá 28 tún wà fáwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Gíláàsì yẹn ò ru nǹkan kan. Àwọn òpó kọnkéré tó fà sẹ́yìn sínú ló ru àjà, gíláàsì kàn so síwájú wọn bíi kọ́tìnnì ni. Ohun tó wù mí jù: tí wọ́n bá yí ọwọ́ kan lára ògiri, ṣéènì á fà, odidi ìlà fèrèsé á ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dúró tì í títí ẹ̀ṣọ́ fi ń wò mí. Ṣùgbọ́n irin ni férémù àkọ́kọ́. Bọ́ǹbù bà á jẹ́ ní 1945, èyí tí mo fọwọ́ kàn, alumíníọ́mù ni, ti àtúnṣe 1976.

Ooru ibẹ̀ ńkọ́? Oòrùn wọlé, kò jáde mọ́. Láago méjì ọ̀sán, mo ti bọ́ jákẹ́ẹ̀tì.

Alákọnkéré: Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Sharon wà ní Bauhaus láti 1926 sí 1929, ó mọ ooru yẹn lára. Àjọkẹ́, tẹ́ ẹ bá padà sí Humanities, ẹ gbójú sókè: àjà kọ̀ọ̀kan yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, bí àtẹ̀gùn tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Tòkè ló ń ṣíji bo tìsàlẹ̀, atẹ́gùn sì ń gba àárín kọjá. Ẹ fi gíláàsì Dessau síbẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹnikẹ́ni á lè jókòó gbọ́ lẹ́kíṣọ̀ nínú oṣù Kẹta. Ògiri tí kò ru ẹrù, òpó tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀, ìyẹn ni wọ́n fi jọra.

Àjọkẹ́_Ifẹ̀: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí Onígíláàsì wá dá ìdajì tó kù padà fún òun.