Ọ̀rọ̀ kù sí mi lẹ́nu: ẹ wá sọ bí wọ́n ṣe pa yín lẹ́nu mọ́

Akọ̀wé Ìpàdé

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ ní ìpàdé sílẹ̀. Mi ò ní ohùn níbẹ̀, mi ò sì bínú sí i, ohun tí wọ́n gbà mí fún nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ló máa ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbà sọnù.

Obìnrin kan wà nínú ìgbìmọ̀ kan tí mo bá ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó mọ ìwé ìnáwó kà tó o níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ní owó tí wọ́n kọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé kò bá èyí tó wà ní ìparí mu. Alága ní, "A ti gbọ́, a máa padà síbẹ̀." Wọn ò padà síbẹ̀. Kò pẹ́ ni ọkùnrin kan tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, ni gbogbo ilé bá ń mi orí. Orúkọ obìnrin náà ni mo kọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Alága pè mí lẹ́yìn ìpàdé, ó rọra fi bírò fa igi lé orúkọ náà, ó ní kí n kọ ọ́ pé "ìgbìmọ̀ ṣàkíyèsí". Kò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rín ló tiẹ̀ ń rín. Ẹni tó bá ṣí ìwé yẹn lọ́jọ́ iwájú á rò pé ńṣe ni obìnrin náà jókòó síbẹ̀ bí ère.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, kó tó la ẹnu rárá, ó kọjú sí mi níṣojú gbogbo wọn: "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ pé èmi ni mo sọ èyí." Bírò alága ò ríbi wọlé mọ́. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn.

Tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa pípa ènìyàn lẹ́nu mọ́, ẹ̀wọ̀n àti ọlọ́pàá ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Èyí tí kò ní ariwo nínú ni mo fẹ́ gbọ́ ní tèmi. Kí lójú yín rí?

Ògbufọ̀

Àǹtí, ẹ ṣé tí ẹ la ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mo máa ń túmọ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ èdè ibi tí ọ̀ràn gbé wọn dé. Ìyá àgbàlagbà kan ni mo jókòó tì lọ́jọ́ náà. Òṣìṣẹ́ kan bi í bóyá ó gbà kí wọ́n kó o kúrò nílé tó ń gbé. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: ta ló kọ́ ilé náà, ta ló kú síbẹ̀, ìdí tí òun kò fi lè máa gun àtẹ̀gùn ibi tí wọ́n fẹ́ gbé òun lọ. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀, mi ò fo ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ náà ò gbé ojú kúrò lórí fọ́ọ̀mù. "Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" Àyè méjì péré ló wà lórí fọ́ọ̀mù ọ̀hún. Ìyá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Òun náà tún bi í. Nígbà tó sú ìyá, ó wojú mi, ó ní, "Ọmọ mi, sọ fún un pé mo ti dákẹ́." Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Òṣìṣẹ́ yẹn bá fa igi sí "bẹ́ẹ̀ ni".

Mo ta kò ó lójú ẹsẹ̀. Ó ní ẹni tó bá dákẹ́ ti gbà. Mo kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀, títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò rí èsì.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 1988 títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1994, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kò gbọdọ̀ gbé ohùn àwọn agbẹnusọ Sinn Féin, ẹgbẹ́ òṣèlú tó fẹ́ kí Northern Ireland kúrò lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àti ti àwọn ẹgbẹ́ kan mìíràn níbẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Ohùn ni wọ́n fòfin dè o, wọn ò fòfin de ọ̀rọ̀. Ni àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bá ń háyà òṣèré: ẹnu Gerry Adams, olórí Sinn Féin nígbà náà, ni ẹ máa rí tó ń mì, ohùn òṣèré ni ẹ máa gbọ́. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, nítorí iṣẹ́ tèmi gan-an ni òṣèré yẹn ń ṣe. Àwọn yẹn pàdánù ohùn, ọ̀rọ̀ wọn sì dé etí ayé. Ní ti ìyá yìí, a gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò dé ibì kankan.

Ẹni Tó Fọwọ́ Síwèé

Tèmi ò ní gùn. Mo fi iṣẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n fún mi lówó, mo sì fọwọ́ sí ìwé pé mi ò ní sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Mo tún ìwé náà kà dáadáa kí n tó wá síbí. Ibi tó ní kí n dúró nìyí.

Olùkọ́ Àwọn Olùkọ́

Ẹni Tó Fọwọ́ Síwèé, ọ̀rọ̀ yín pèsì jẹ.

Èmi máa ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì láti wo bí àwọn olùkọ́ tuntun ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọmọkùnrin akólòlò kan wà ní kíláàsì kan. Kò sí ẹni tó ń fi í ṣẹ̀sín. Àánú rẹ̀ ló ń ṣe wọ́n jù: bó bá ti ń fa ọ̀rọ̀, gbogbo kíláàsì, tolùkọ́ tọmọ, á ti bá a parí rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sì parí rẹ̀ sí kì í sábà jẹ́ ohun tó fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n á mi orí, nítorí àtisọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tó yá, kò nawọ́ mọ́. Wọ́n wá kọ ọ́ sínú ìwé èsì rẹ̀ pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni.

Mo ní kí olùkọ́ náà máa ka ení, èjì, ẹ̀ta sínú kó tó pe ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe ọgbọ́n orí mi. Mary Budd Rowe, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà, ló ṣèwádìí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ó rí i pé olùkọ́ kì í sábà dúró ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ lẹ́yìn ìbéèrè. Níbi tí wọ́n bá ti dúró tó mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdáhùn a máa gùn sí i, àwọn tí wọ́n ti kà sí olódo náà a sì máa dá sí i. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta yẹn gùn lójú ẹni tó ń dúró, ẹ dán an wò. Ní 2009, àwọn onímọ̀ èdè kan wo èdè 10 káàkiri ayé. Ní ìpíndọ́gba, àlàfo àárín ìbéèrè àti èsì jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ ń fà, tàbí tó ń wá ọ̀rọ̀ ní èdè tí kì í ṣe tirẹ̀, inú àlàfo bíńtín yẹn ni wọ́n ti máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọmọ náà ti ń nawọ́ báyìí. Olùkọ́ rẹ̀ ní iyàn rẹ̀ ti wá pọ̀ jù.

Mo Dákẹ́ Tèmi

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ gbogbo ìdákẹ́jẹ́ di ìyà. Èmi ni àbíkẹ́yìn ilé wa. Bí ẹbí bá pé, mo máa ń dákẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì dí mi lẹ́nu. Tí mo bá dá sí i, wọ́n á ní mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n pinnu rẹ̀. Ẹ wo Clarence Thomas, adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà: láti oṣù Kejì ọdún 2006 di oṣù Kejì ọdún 2016, kò bi agbẹjọ́rò kankan ní ìbéèrè lórí ìjókòó ẹjọ́. Ta ló pa á lẹ́nu mọ́?

Ògbufọ̀

Ẹ̀gbọ́n, adájọ́ tó dákẹ́ ṣì ń dìbò, ó sì ń kọ ìdájọ́. Kí ni ìyá tèmi ní? Ilé ẹjọ́ yẹn kan náà, ìwádìí kan tó jáde ní 2017 fi hàn pé wọ́n ń já lu ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ obìnrin ibẹ̀ ju ti ọkùnrin lọ. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020, tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ lórí fóònù, wọ́n ní kí adájọ́ kọ̀ọ̀kan máa bèèrè ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ẹ mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè? Thomas ni. Nígbà tí wọ́n padà sínú ilé ẹjọ́ ní 2021, wọ́n ya àyè sọ́tọ̀ fún ìbéèrè ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Sonia Sotomayor, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ obìnrin náà, sọ ní gbangba pé àwọn ìwádìí lórí ìjálu-ọ̀rọ̀ wà lára ohun tó fà á.

Mo Dákẹ́ Tèmi

Mo gba ti ìbò. Ti Thomas yẹn tiẹ̀ dùn mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn èyí: ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1917, nǹkan bí 10,000 aláwọ̀ dúdú rìn gba òpópónà Fifth Avenue kọjá ní New York nítorí àwọn èèyàn wọn tí wọ́n pa ní East St. Louis, ìlú kan ní Amẹ́ríkà níbẹ̀. Wọn ò kọrin, wọn ò pariwo, ìlù nìkan ló ń dún. Ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n fi jà. Àwọn yẹn náà ńkọ́?

Akọ̀wé Ìpàdé

Wọ́n gbé pátákó dání, ẹ̀gbọ́n, wọ́n sì kọ ẹjọ́ wọn sára rẹ̀ gàdàgbà. Ẹ ò lè kà wọ́n mọ́ àwọn tó dákẹ́.

Ẹni Tó Fọwọ́ Síwèé, ṣé ìwé yẹn sọ nǹkan kan nípa pátákó?