Ẹ wá sọ ìrírí yín nídìí ọpọ́n ayò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ní Ẹ̀pẹ́, nítòsí ọjà ẹja Olúwo, igi kan wà tí àwọn àgbà máa ń ta ayò lábẹ́ rẹ̀ bí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Ìyá mi ń ta ẹja lọ́jà yẹn. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn ni, mo sì ti na gbogbo ẹgbẹ́ mi ládùúgbò nínú ayò. Mo bá lọ síbẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn: "Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ o!" Wọ́n dá mi lóhùn: "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn!" Ọ̀ta ni ẹni tó mọ ayò ta dáadáa, ọ̀pẹ ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta. Bàbá apẹja kan ní kí n jókòó.

Ìyára wọn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Bí mo bá dúró ronú díẹ̀, àwọn òǹwòran á ti máa pariwo pé kí n ta á. Bàbá ní tirẹ̀, bí ọmọ ayò tó gbẹ̀yìn bá ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ ti wọlé.

Nígbà tó yá, mo ti jẹ 11, Bàbá ti jẹ 18. Ọmọ 19 ló kù lórí ọpọ́n. Bàbá ti kó 16 jọ sílé kan ṣoṣo, ìkẹrin láti ọwọ́ òsì rẹ̀, ilé márùn-ún yòókù sì ṣófo. Lọ́dọ̀ tèmi, ilé kìíní àti ìkejì ṣófo, ọ̀kan wà nínú ìkẹta, ìkẹrin ṣófo, ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú ìkarùn-ún àti ìkẹfà. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní dandan ni kó tú odù yẹn, èmi ni yóò sì pín in fún. Ta ló ń jẹ ilé tó ṣófo?

Bàbá kó gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́. Ojú mi ló ń wò, kò wo ọpọ́n. Kò, kò, kò, ọmọ ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yí ọpọ́n po, ó dé ilé tó ti kó wọn, ó fò ó, ó tún wọ ọ̀dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kejì. Mo kígbe pé, "Bàbá, ẹ fo ilé kan!" Òfin odù nìyẹn, mi ò tíì mọ̀ ọ́n: bí ọmọ bá ti tó 12, ẹni tó ń ta kì í jù ọ̀kan sílé tó ti kó o. Ọmọ tó kẹ́yìn bọ́ sílé ìkẹta mi, ó di mẹ́ta. Ìkejì ti di méjì, ìkíní náà ti di méjì. Ó jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ 7. Ó di 25 lọ́wọ́ rẹ̀ nínú 48, ayò parí.

Bàbá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìgbà tí o bá ń ta lo tó ń kà. Ìgbà tí èmi bá ń ta ni kí o máa kà."

Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ títí ilé ìwé fi wọlé. Ó máa ń sọ pé bí ọ̀ta gidi méjì bá pàdé, ọ̀mì ni wọ́n máa ta. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni. Ìgbà tó pẹ́ ni mo kà á pé ní 2002, John Romein àti Henri Bal, ní yunifásítì kan ní Amsterdam, fi kọ̀ǹpútà yẹ gbogbo ipò tí ọmọ lè wà nínú awari wò, eré tí òfin rẹ̀ bá ti ayò wa mu. Ó lé ní bílíọ̀nù 889. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjì tó ń ta á ò bá ṣì í ta, ọ̀mì ni. Bàbá ti kú kí n tó kà á. Ó ń dùn mí pé mi ò rí i kà sí i létí.

Ẹ sọ tiyín.

*Láti Ìkòròdú:*
Obìnrin ni mí, bàbá ìyá mi ló kọ́ mi láyò. Ihò la gbẹ́ sílẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ la fi ń ta. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ta ọmọ kan tó kù lọ́dọ̀ rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá ṣófo. Mo lè ta èyí tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo mọ̀ọ́mọ̀ ta èyí tí kò ní dé ibẹ̀. Bàbá àgbà di ọwọ́ mi mú: "A kì í febi pa ẹni tí a jọ ń ta ayò." Wọ́n ní kí n kó o padà, kí n fún un lọ́mọ. Mo fún un. Òun ló borí, mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n títí dòní, mi ò lè bá ẹni tó ń fi ebi pa ènìyàn ta.

*Láti Àgbádárìgì:*
Awakọ̀ kan láti Gánà ni mo bá pàdé ní Sẹ̀mẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wa dúró pẹ́. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi náà ò gbọ́ èdè rẹ̀. Ó gbé ọpọ́n jáde nínú ọkọ̀, ó pè é ní oware. Ilé 12, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin. A ò sọ nǹkan kan, a sáà ń ta. Ìgbà tí a kà á tán, 24 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, 24 ló wà lọ́wọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ mẹ́rin mẹ́rin padà sínú ilé.